Kí Ló Dé Tó Fi Jẹ́ Eré Tí À Ń Sá Jù Ni Jígí Alùpùpù Ti Ń Dàrú?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Bí alùpùpù bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún jẹ́jẹ́, ohun tó wà nínú jígí á mọ́ kedere. Bí ẹ bá sáré dé góńgó, á tún mọ́. Àárín méjèèjì, níbi eré tí ẹ ń sá lójoojúmọ́, níbẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn yín á ti di òjìji rúdurùdu, tí iná iwájú rẹ̀ á fà gbọọrọ bí òwú. Bó bá jẹ́ pé agbára ẹ́ńjìnnì ló ń gbọn jígí, ṣé kò yẹ kó jẹ́ pé bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni yóò ṣe máa dàrú sí i? Kí ló dé tó fi jẹ́ àárín nìkan?

Ìmọ̀ràn kò wọ́n nílẹ̀. Ẹnì kan á ní kí ẹ fún un mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹlòmíràn á ní kí ẹ ki rọ́bà sí i nídìí, ẹnì kẹta á ní kí ẹ lẹ òjé mọ́ ọn lẹ́yìn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kò sí èyí tí kò ṣiṣẹ́ rí nínú wọn, kò sì sí èyí tí kò ba nǹkan jẹ́ sí i rí lára alùpùpù ẹlòmíràn. Ìmọ̀ràn mẹ́ta tó tako ara wọn báyìí kò lè tọ̀nà kí wọ́n tún kùnà, àfi tó bá jẹ́ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe láìmọ̀.

## Ìka kan lẹ́yìn jígí

Ẹ gbé alùpùpù dúró níta gbangba, níbi tí èéfín á ti rí ọ̀nà lọ. Ẹ fi í sí fíríì. Kí ẹnì kan bá yín di ọwọ́ iná mú, ìyẹn ibi tí ẹ ń yí kí ẹ́ńjìnnì lè sáré sí i, kó máa gbé ẹ́ńjìnnì sókè ní 500, 500 lórí aago rẹ̀, èyí tó ń ka iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan: 2000, 2500, 3000, kó dúró díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó lójú ọ̀nà, kí ẹ tẹjú mọ́ ohun kan tí igun rẹ̀ mú nínú jígí: férémù fèrèsé, tàbí nọ́ńbà ọkọ̀ tó dúró lẹ́yìn yín. Ní ibì kan, ẹ jẹ́ ká ní 4500, àwọn lẹ́tà nọ́ńbà náà á di méjì-méjì, wọ́n á wú, wọ́n á sì dà pọ̀ mọ́ra. Níbẹ̀ ni kí ẹni tó ń bá yín di iná mú dúró sí.

Wàyí o, ẹ na ìka kan, kí ẹ fi kan ẹ̀yìn ilé jígí. Ẹ má tì í, kíkàn lásán ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn lẹ́tà yẹn á padà sípò lójijì, bí omi tó ń ru tó rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ gbé ìka kúrò, wọ́n á tún dàrú. Ẹ dá a padà, wọ́n á tún mọ́.

Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà yẹn. 4500 tó ń yí náà ló ṣì ń yí. Áńdù ṣì ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, ọ̀pá jígí náà sì ń gbọ̀n. Ìka tí kò tó nǹkan ló pa gbogbo ariwo yẹn. Ó túmọ̀ sí pé ìgbọ̀n tó ń ti ẹ́ńjìnnì wá kò tóbi rárá. Jígí ló ń dáhùn ju bó ṣe yẹ lọ.

(Ẹ má jẹ́ kí àyẹ̀wò yìí pẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú á gbóná kíákíá bó bá ń ké lójú kan. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ pa á, kó sinmi.)

## Ìgbọ̀n kékeré, ìdáhùn ńlá

Ọmọdé tó bá ti ti ẹnì kejì rẹ̀ lórí jáńgílọ́fà rí mọ àṣírí ibẹ̀. Agbára kọ́ ló ń gbé jáńgílọ́fà lọ sókè, àsìkò ni. Bí ẹ bá rọra tì í ní kété tó bá fẹ́ padà síwájú, á máa ga sí i. Bí ẹ bá ń tì í wéréwéré láìwo ìlọ rẹ̀, bó ti wù kí ẹ lágbára tó, kò ní kúrò lójú kan. Jígí alùpùpù náà ní ìlọ àti àbọ̀ tirẹ̀: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n dè é ní ìdí, ẹrù sì wà lórí rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ìka ta á, ẹ ó rí i tó gbọ̀n díẹ̀ kó tó dákẹ́. Iye ìgbà tó ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kì í yí padà, àfi bí ẹ bá fọwọ́ kan ìwọ̀n rẹ̀, gígùn rẹ̀ tàbí líle rẹ̀.

Nínú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà kan, písítìnì, irin inú sìlíńdà náà, ń lọ sókè ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbàkigbà tí kiránkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, bá yí po, ó sì ń já férémù gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní ìlọ àti àbọ̀. Ẹ pín 5000 tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan sí 60, ìgbà 83 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé 83 náà ni iye tí jígí yín fẹ́ràn láti gbọ̀n, gbogbo ìtì tó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ á máa bá a níbi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ní 3000, ìgbà 50 ni, ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba. Ní 8000, ìgbà 133 ni, jígí kò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni orí rẹ̀ á dúró sójú kan tí ìdí ọ̀pá á máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń mọ́ padà lórí eré ńlá. Àwọn tó ń ṣe alùpùpù kúkú mọ̀ ọ́n, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà kan ayé òde òní fi ní ọ̀pá ẹlẹ́rù kan nínú, tó ń yí lódì sí kiránkì láti pa ìtì rẹ̀. Ó ń dín in kù, kì í pa á tán.

Ti sìlíńdà mẹ́rin tí wọ́n tò sórí ìlà kan yàtọ̀. Méjì ń lọ sókè nígbà tí méjì ń bọ̀ wálẹ̀, wọ́n sì ń pa agbára ara wọn. Ìgbọ̀n kékeré kan ló máa ń ṣẹ́ kù, tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí kiránkì bá yí lẹ́ẹ̀kan, tó fi jẹ́ pé 5000 tirẹ̀ ti di ìgbà 167. Jígí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kì í jó, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan mí sí i lójú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Bí jígí bá tẹ̀ ní ìdajì dígírì, ohun tí ẹ ń rí nínú rẹ̀ á yẹ̀ ní dígírì kan gbáko, torí pé ìlọ́po méjì ni ìmọ́lẹ̀ fi ń yà. Lára ọkọ̀ tó wà ní mítà 20 lẹ́yìn, sẹ̀ǹtímítà 35 nìyẹn, ó tó láti da gbogbo lẹ́tà nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí jígí pẹrẹsẹ bá kàn ń sún lọ sún bọ̀ láìtẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ yí pátákó lórí tábìlì, àwòrán inú rẹ̀ kò ní mira. Títẹ̀ ni ọ̀tá wa, kì í ṣe ìgbọ̀n. Ìyẹn ló mú kí oríkèé tó ti dẹ̀ lẹ́yìn jígí burú ju ọ̀pá tó gùn díẹ̀ lọ.

## Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀

A kò sì mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Jígí tó dàrú nítorí ẹ́ńjìnnì, èyí tó dàrú nítorí táyà àti èyí tó dàrú nítorí afẹ́fẹ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú ẹni tó jókòó sórí alùpùpù. Ọ̀nà láti yà wọ́n kò le. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú tó sì dá, ẹ sá eré kan náà ní jíà 3, kí ẹ tún sá a ní jíà 4. Bó bá jẹ́ iye kan náà lórí aago ẹ́ńjìnnì ló ń dàrú sí, yálà eré pọ̀ tàbí ó kéré, ẹ́ńjìnnì ni. Bó bá jẹ́ iye kan náà lórí aago eré láìka jíà sí, ẹ lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: táyà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba, bíárìn tó ti jẹ, tàbí ríìmù tó ti wọ́.

Èyí tó bá ti ẹsẹ̀ wá tún ní àmì mìíràn. Táyà ẹ̀yìn tí ríìmù rẹ̀ jẹ́ ínṣì 17 máa ń lọ nǹkan bíi mítà 2 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Lórí eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ó ń yí ní ìgbà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn lọ́ra débi pé ẹ ó rí i pé jígí ń mì, kì í ṣe pé ó kàn ṣú. Ti afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ kò ní òfin: á dé nígbà tí ẹ bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá, á lọ nígbà tí ẹ bá kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Alùpùpù tí kò bá ní aago ẹ́ńjìnnì, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lórí eré tó ti ń dàrú, kí ẹ sì fi iná sílẹ̀. Bí jígí bá mọ́ lójú ẹsẹ̀ nígbà tí eré kò tíì rọlẹ̀, ẹ ti rí ẹlẹ́bi.

Bó bá ti dájú pé ẹ́ńjìnnì ni, ẹ padà sí àyẹ̀wò ìka, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ di orí áńdù mú gírígírí. Bí jígí bá mọ́, áńdù ló ń jó. Bí kò bá mọ́, ẹ di ìdí ọ̀pá jígí mú, lẹ́yìn náà orí ọ̀pá níbi tó ti fẹ́ pàdé ilé jígí, lẹ́yìn náà ilé jígí fúnra rẹ̀, kí ẹ tó wá kan gíláàsì. Ibi àkọ́kọ́ tí àwòrán bá ti mọ́, ibẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bó jẹ́ orí ọ̀pá ló pa á, ọ̀pá ló ń tẹ̀. Bí orí ọ̀pá kò bá pa á tí ilé jígí sì pa á, oríkèé ti dẹ̀. Bó jẹ́ gíláàsì nìkan ló pa á, gíláàsì ti ṣí nínú ilé rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè o. Ìka tó bá wà lórí gíláàsì máa ń pa ẹnu gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́, kò ní jẹ́ kí ẹ mọ èyí tó ń sọ̀rọ̀.

## Ohun tó tú ni kí ẹ kọ́kọ́ fún

Èèyàn tó ń wá òjé kiri nígbà tí bóòtù tó di ẹ́ńjìnnì mú ti tú, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Ọ̀pọ̀ jígí tí wọ́n ti sọ nù torí pé wọ́n ń gbọ̀n kò ní àìsàn kankan.

Ọ̀pá jígí ọ̀pọ̀ alùpùpù máa ń wọ ihò M10 (ìyẹn bóòtù mílímítà 10) tí eyín kan sí èkejì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.25, ti sukúta àti àwọn kéékèèké sábà máa ń jẹ́ M8 (mílímítà 8). Nọ́ọ̀tì tó wà ní ìdí ọ̀pá ló ń dè é, kì í ṣe yíyí ọ̀pá fúnra rẹ̀. Ẹ yí ọ̀pá wọlé jìnnà, ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí ẹ fẹ́, ẹ fi sípánà kan dì í mú kó má yí, kí ẹ fi èkejì fún nọ́ọ̀tì. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù Yamaha, ojú eyín jígí ọwọ́ ọ̀tún wà lódì, bí aago ṣe ń yí ni wọ́n fi ń tú u, kí jígí lè yí tú dípò kó ṣẹ́ bí nǹkan bá gbá a. Ẹni tí kò bá mọ̀ á fi tipátipá ba eyín ihò náà jẹ́, jígí kò sì ní dúró síbẹ̀ mọ́ láéláé. Bákan náà ni ìsopọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sọ M8 di M10: gbogbo ìsopọ̀ tí ẹ bá fi kún un, ibi kan tó lè dẹ̀ ni ẹ fi kún un.

Gíláàsì tó ti ṣí rọrùn láti mọ̀. Ẹ fi èékánná kàn án ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá dún kẹ̀kẹ̀ dípò kó dún pọ̀ ti kúrò lára ìjókòó rẹ̀. Sílíkónì díẹ̀, tó ọmọ èékánná, sí ibi mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ má lo gúlúù líle tó ń gan lójú ẹsẹ̀: oòrùn máa ń fẹ ike ilé jígí ju gíláàsì lọ, gúlúù tí kò lè nà á sì jẹ́ kí gíláàsì sán. Oríkèé tó dẹ̀ sábà máa ń ní ìdè kan lábẹ́ rọ́bà rẹ̀. Bí ẹ bá fún un ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, ó ti tó. Èyí tí kò bá ní ìdè ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí ọ̀rọ̀. Àwọn bóòtù tó mú áńdù mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ le dọ́gba, ní ìtẹ̀léra tí ìwé alùpùpù náà sọ, torí pé àwọn mìíràn wà tí wọ́n ṣe kí àlàfo ẹ̀yìn wọn má pàdé. Fún àwọn bóòtù tó gbé ẹ́ńjìnnì, mo fara mọ́ àwọn mẹkáníìkì tó máa ń dẹ gbogbo wọn díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ jókòó sípò tirẹ̀, kí wọ́n tó fún wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ìwé sọ. Èyí tí wọ́n fi agbára fà pàdé férémù á máa gbé gbogbo ìgbọ̀n wọlé. Bí rọ́bà bá wà níbẹ̀, tó ti gan tàbí tó ti là, tuntun ni. Ẹ wo ṣéènì: ọ̀pọ̀ alùpùpù ojú títì ń fẹ́ kó dẹ̀ ní mílímítà 25 sí 35 ní àárín ìlà ìsàlẹ̀, èyí tó bá le jù á máa já ẹ̀yìn gbà ní gbogbo ìgbà. Bí kabúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, bá ju ọ̀kan lọ tí wọn kò sì fa afẹ́fẹ́ dọ́gba, sìlíńdà kan á máa ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ, jígí ló sì máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

## Ẹ ń sún un ni, ẹ kò pa á

Bí gbogbo nǹkan bá ti le tán tó ṣì ń dàrú, àkókò òjé, rọ́bà àti ọ̀pá kúkúrú dé. Ibi tí àwọn tó ń fúnni nímọ̀ràn ti ń tako ara wọn nìyí. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń mú ìdáhùn jígí kúrò láyé, ńṣe ni wọ́n ń sún un láti orí iye kan lọ sórí òmíràn.

Òjé ń sún un wálẹ̀, àmọ́ kì í sún un bó ṣe pọ̀ tó. Ká ní orí jígí wúwo tó gíráàmù 250, tó ń dàrú ní 5000. Ẹ lẹ gíráàmù 60 mọ́ inú ilé rẹ̀, irú òjé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ríìmù. Ibi ìdàrú á sún lọ sí nǹkan bíi 4500 péré. Kẹ́ ẹ tó lè fà á wálẹ̀ dé 3500, ìwọ̀n rẹ̀ ní láti di ìlọ́po méjì, oríkèé wo ló máa gbé ìyẹn tí kò ní tẹ orí ba ní kòtò àkọ́kọ́? Ẹni tó ń sáré ní 5000 á yin òjé. Ẹni tó ń sáré ní 4500 á ní irọ́ ni wọ́n pa fún òun, torí pé tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀pá kúkúrú ń gbé e lọ sókè, ó sì lágbára ju òjé lọ. Bí ẹ bá gé ìdá kan nínú márùn-ún gígùn ọ̀pá kúrò, líle rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, 5000 á sì lọ sí nǹkan bíi 7000. Ọ̀pá tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ tún ju ìyẹn lọ: láti mílímítà 8 sí 10, líle rẹ̀ á lé ní ìlọ́po méjì. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọ̀pá kúkúrú lè jẹ́ kó jẹ́ ìgúnpá yín lẹ ó máa rí nínú jígí. Rọ́bà ní ìdí ọ̀pá ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: ó ń sún un wálẹ̀, ó sì ń jẹ nínú agbára ìgbọ̀n náà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá rọ̀ jù á máa mi jígí ní ìdúró, afẹ́fẹ́ á sì máa yí i kúrò ní ipò. Rọ́bà mílímítà 2 tó le ló dára, kì í ṣe èyí tí ìka lè tẹ̀ wọlé.

Bí ẹ bá bi mí, orí áńdù ni mo fẹ́ kí owó kọ́kọ́ lọ. Ẹrù irin tó wúwo ní orí méjèèjì ń pa ìgbọ̀n kó tó dé ìdí ọ̀pá jígí, àtẹ́lẹwọ́ yín náà á sì sinmi. Ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ iná, ẹ fi àlàfo mílímítà 1 sí 2 sílẹ̀ láàárín ẹrù náà àti rọ́bà ọwọ́. Bí wọ́n bá fara kanra, iná kò ní padà fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ìyẹn sì burú ju jígí tó ń gbọ̀n lọ fíìfíì. Àwọn kan máa ń da ọta òjé wẹ́wẹ́ sínú áńdù fúnra rẹ̀. Áńdù tó jẹ́ mílímítà 22 níta lè gbà ju kílò kan lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí pé àwọn ọta náà ń ha ara wọn, wọ́n sì ń jẹ agbára náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, òjé kì í ṣe ohun ìfọwọ́ kó lásán, kí ẹ sì kọ́kọ́ wò bóyá wáyà kò gba inú áńdù kọjá. Iyanrìn ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ bí omi bá wà lára rẹ̀, á jẹ áńdù onírin láti inú.

## Nígbà tí jígí bá mọ́ tán

Ẹ tún ṣe àyẹ̀wò 500, 500 yẹn, kí ẹ kọ iye tí ó ń dàrú sí báyìí sílẹ̀, ti òsì lọ́tọ̀, ti ọ̀tún lọ́tọ̀, torí pé wọn kì í sábà bára mu. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 100, ẹ fi sípánà kan gbogbo ohun tí ẹ fún.

Jígí tó mọ́ kò fi hàn pé ìgbọ̀n ti lọ. Bí ọwọ́ yín bá ṣì ń ta yín lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan, tí ìka ń kú, jígí nìkan lẹ pa lẹ́nu mọ́, iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ́ńjìnnì tàbí áńdù. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ iye yẹn sílẹ̀ náà nìyẹn. Ká ní lónìí ó jẹ́ 3500 ní òsì àti 3800 ní ọ̀tún. Bí ẹ bá wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí òsì ti di 3000 tí ọ̀tún kò sì kúrò lójú kan, ẹ má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá, nọ́ọ̀tì ìdí jígí òsì ló ti dẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iye méjèèjì ṣì wà níbi tí wọ́n wà, àmọ́ tí ìdàrú náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lápá méjèèjì, àwọn bóòtù tó gbé ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sípánà kàn.